Agolo Ìṣó

Kí wọ́n tó fẹ ààtàn, ọkọ̀ méje ni mo máa ń kà
láti ìgbà tí mo bá ti gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ síta
títí oòrùn yóò fi rọ̀ sẹ́yìn àpáta.
Lánàá mo kà á dé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta,
mo sì dákẹ́.
Ẹfun ti tán, ògiri ti kún.

Fọkanáísà ni mí, ní Abà Jìbówú,
níbi tí ọ̀nà Ayétòrò ti ya sápá òsì,
ọ̀nà tí bàbá mi àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi àdá là
fún kẹ̀kẹ́ ológeere àti ẹrù ẹ̀gẹ́.
Wọn ò rò ó láéláé pé gbogbo Abẹ́òkúta
ni yóò máa gba ibẹ̀ lọ da ilẹ̀ nù.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo ti wá mọ ìlú.
Ọjọ́ Ajé, èèpo iṣu Kútọ̀.
Ọjọ́ kẹta iléyá, ìwo àgbò.
Bí omi aró bá ń kán nídìí típà
tó fa ìlà búlúù kan dé iwájú ìsọ̀ mi,
mo mọ̀ pé Ìtòkú ló ń kọjá.
Lọ́jọ́ kan mo rí àga kan tó dojú délẹ̀ lórí ẹrù,
èmi ni mo fokùn di ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́dún tí mo gbé ní Ìjemọ̀.
Mo dìde, mo kí i.

Ọ̀nà ò lẹ́nu tí yóò fi ké, ló ṣe là.
Kòtò iwájú ilé Ìyá Fàṣílátù
kò ju ojú àwo ọbẹ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn;
òjò dé, pẹ́pẹ́yẹ fi í ṣelé.
Sùbúọlá rọbí lóru,
típà méjì dojú kọra lórí afárá,
kò sí èyí tó fẹ́ sẹ́yìn fún èkejì.
Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ló bímọ sí.
Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọ́.
Orúkọ rere ni,
àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ sọmọ bẹ́ẹ̀ kò rí irú ọ̀nà yìí.

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́: mo ń jẹ níbẹ̀.
Ìṣó ń já bọ́ lára àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn bí èso,
táyà tó bá gbé e, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀.
Ihò táyà ẹlẹ́ni ló ń san owó ilé ìwé Dúróoríkẹ́.
Ìṣó tí mo bá fà yọ, mo ń jù ú sínú agolo mílíìkì.
N kò mọ ìdí.

Ọjọ́rú kan, típà kan sọ ìjánu nù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.
Ó gbá ìsọ̀ ọlọ́sàn-án,
ó gbá pákó tí a kọ RỌRA sí,
ó wá dúró.
Bàtà ọmọdé kan wà lójú títì,
ẹyọ kan péré. Èmi ni mo rà á.
Ọsàn ṣì ń yí lọ. Kò sẹ́ni tó ṣà á.
Dúróoríkẹ́ yọ lẹ́yìn ilé ìwé, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ lásán,
ó ní ta ló rí bàtà òun.

Wọ́n pè wá sí ìpàdé.
Ogójì éékà sí i, wọ́n ní, ọ̀nà á gbà á.
Ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun
fìka tẹ ibì kan lórí máàpù:
"Ibí yìí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."
Ibi tó fìka tẹ̀ yẹn ni mo ń jókòó sí lójoojúmọ́.

N kò mọ̀rọ̀ọ́ sọ.
Mo da agolo náà sórí máàpù.
Ìṣó ró, wọ́n yí káàkiri,
ọ̀kan já bọ́, ó sá wọ abẹ́ àga.
Ọ̀gbẹ́ni náà gbé fóònù rẹ̀ kúrò.
"Ẹ kà á," mo ní.

Nígbà tí mo padà dé ìsọ̀,
táyà kan ti ń dúró dè mí.
Mo fa ìṣó rẹ̀ yọ,
mo jù ú sínú agolo.
Ó ró gan-an, nítorí ó ṣófo.